Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Láàárín Èdè Mẹ́ta

Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àgbègbè Bassila mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni èdè náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa. Nàgó, Anii tàbí Kotokoli ni wọ́n ń sọ nílé. Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Ní kíláàsì sixième ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn, láti ẹnu Faransé.

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni ó ń fi èyí hàn jù. Faransé a máa wí pé « Elle parle bien l'anglais ». Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀lé e, á kọ « She speaks well English », bírò pupa á sì kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ti ní ètò tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́: « Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa », « She speaks English well ». Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé gbẹ̀yìn nínú méjèèjì. Ẹ tún wo « Ó sábà máa ń jẹ iṣu » àti « She often eats yam »: « sábà » ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, « often » náà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni « souvent » ń wà.

A kò sọ pé èdè ilé yóò yanjú ohun gbogbo. « Tètè » ṣáájú nínú « Ó tètè dé », « early » sì kẹ́yìn nínú « She came early ». Kò sí èdè ilé tí yóò kìlọ̀ fún ọmọ pé ìyìn ni « He works hard », ṣùgbọ́n pé ọ̀lẹ ni a ń pe ẹni tí a bá ní « He hardly works ». Èyí di àkọ́sórí.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn tí ó ṣáájú jìyà ní ilé-ìwé nítorí èdè ìyá wọn. Àmì ni a ń fi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ ọ́ lọ́rùn. Àmì náà ti lọ, ìtìjú rẹ̀ kò tíì lọ: ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì gbà pé èdè ilé kò ní gírámà, nítorí náà wọn kì í wá ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè yín, kí ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé jókòó sí, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó ní Faransé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá wọn lẹ́kun.