Orúkọ Tí Omi Bò Mọ́lẹ̀

Púpọ̀ ni ohun tí àwa Yorùbá ń fi odò ṣe. À ń pọn ọ́n, à ń wẹ̀ nínú rẹ̀, à ń dẹ ìwọ̀ sí i, à ń wa ọkọ̀ kọjá rẹ̀ lọ sí ọjà, à ń bọ ọ́, à ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkọ̀ kékeré lọ sí ibi tí odò ti ń bú ramúramù láàárín àpáta, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ dé òdìkejì, tí kì í ṣe pé ẹja ni ó ń wá, tí ó kàn fẹ́ kí omi náà gbé òun sókè kí ó sì sọ òun sílẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí a fi ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá fẹ́ pè é ní wèrè. Ohun tí ìyá mi pè é gan-an nìyẹn. Lórí fóònù ni mo ti sọ fún un, ní ọdún 2011, pé mo ń kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ nínú omi líle lórí odò Náílì, ní ìlú Jinja. Ó ní, "Ṣé ilé iṣẹ́ tó gbé ọ lọ sí Uganda ni ó ní kí o wọ odò?" Mo ní rárá, Mọ́mì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn títí di òní: "Àwọn tó ni odò náà ńkọ́, ṣé o kí wọn?"

Káyáàkì ni à ń pe ọkọ̀ ọ̀hún. Àwọn Inuit, ará ilẹ̀ olótùútù ti Greenland àti àríwá Kánádà, ni wọ́n ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀; awọ ẹran inú òkun ni wọ́n fi ń bo egungun rẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Ike ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí à ń lò nínú omi líle lóde òní. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó gbà. Olúwa rẹ̀ yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, yóò fi orúnkún ti ara rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi aṣọ rọ́bà kan tó dà bí yẹ̀rì so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹnu ọkọ̀ kí omi má baà wọlé. Àjẹ̀ olórí méjì ni yóò dì mú, akoto ni yóò dé, yóò sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ọkọ̀ náà bá dojú dé, orí wà nísàlẹ̀ nìyẹn, ìdí wà lókè. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tó bá wọ káyáàkì ti gbà láti fi orí wo bí ìsàlẹ̀ odò ti rí.

Nítorí náà, bí a ti ń dojú dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ènìyàn, kí wọ́n tó kọ́ ọ bí a ti ń wa ọkọ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà jáde. Èkíní ni pé kí á fa okùn tó wà níwájú yẹ̀rì rọ́bà yẹn, kí ó tú, kí á sì yọ́ jáde bí ẹja. Èkejì ni pé kí á yí ara wa àti ọkọ̀ padà sókè láìjáde. Àwọn Inuit ni wọ́n mọ èyí dójú àmì, nítorí pé nínú omi tiwọn, òtútù lè pa ẹni tó bá jáde kúrò nínú ọkọ̀ kí ó tó dé èbúté. Ìbàdí ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe apá. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé orí ni ó gbọ́dọ̀ jáde kẹ́yìn. Gbogbo ara ni yóò máa sọ fún ọ pé kí o gbé orí síta kí o lè mí. Bí o bá sì ti gbé orí síta ṣáájú, ọkọ̀ yóò tún dà ọ́ padà sínú omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mu omi Náílì kí ìbàdí mi tó gbọ́ ohun tí etí mi ti gbọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ọmọ Busoga ni olùkọ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń pè mí ní "ssebo", ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ọkùnrin. Ẹ̀gbẹ́ omi Bujagali ni ó dàgbà sí, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ sí Jinja, níbi tí Náílì ti ń já láti orí àpáta kan sí òmíràn. Kí ó tó fojú kan káyáàkì, kẹ́ẹ̀gì ìyeyè tí à ń fi ra epo ni ó fi ń gun omi náà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, wọn a bẹ́ sínú omi, wọn a sì yọ lódìkejì, kí àwọn aláfẹ́ tó ń ya fọ́tò lè fún wọn ní owó ṣílè díẹ̀. Mo bi í bóyá eré ìdárayá ni. Ó ní, "Iṣẹ́ ni, ssebo. Ilé ìwé ń gba owó."

Ohun tó kọ́ mi gan-an ni odò kíkà, èyí sì ni ó mú mi kúndùn ọ̀rọ̀ náà ju bí mo ti rò lọ. Ẹni tó dúró létí odò yóò rí omi funfun tó ń hó yeye bí ọṣẹ, yóò sì rò pé ìdàrúdàpọ̀ lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi tó ń dán bá fún pọ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, ọ̀nà ni ìyẹn. Bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí òkè odò, àpáta ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn àpáta ńlá, omi a máa ṣàn padà sí òkè odò, ibẹ̀ a sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń sinmi, tí ó ti ń wo ohun tó kù níwájú. Níbi tí odò bá ti já sílẹ̀ lójijì, omi orí rẹ̀ a máa sáré padà síbi tó ti já, a sì máa ká ọkọ̀ mọ́ ibẹ̀, a yí i, a yí i. Afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àjẹ̀ kì í rí nǹkan gbá mú, ẹ̀wù aláìrì pàápàá kì í lè gbé ènìyàn sókè bó ti yẹ. Nígbà mìíràn, ẹni tí omi bá ti fà jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ní láti jẹ́ kí ó rì òun díẹ̀, nítorí ìṣàn tó ń lọ wà nísàlẹ̀.

Òfin kan tún wà nínú àmì tí àwọn awakọ̀ ń fún ara wọn, nítorí pé ariwo omi kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn. Bí a bá na àjẹ̀ sókè gangan, "máa bọ̀" ni. Bí a bá dá a búlẹ̀ lórí akoto, "dúró" ni. Bí a bá fi nà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí o gbà. A kì í fi àjẹ̀ na ibi tí ewu wà láé. Mo bi olùkọ́ mi ní ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í bojú wo ìtumọ̀ àmì, ibi tí àjẹ̀ bá kọjú sí ni yóò gbà.

Náílì ní Jinja fẹ̀, ó jìn, omi rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ń dárí ji ènìyàn ju àwọn odò kéékèèké olókùúta lọ, nítorí pé lẹ́yìn omi líle ni ìbú tó parọ́rọ́ sábà máa ń wà. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúdi. Itanda wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí a dé Itanda, orí àpáta ni a dúró sí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, a ń wò ó. Olùkọ́ mi ti wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ náà ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Kì í ṣe òní." Kò sọ ìdí. A gbé ọkọ̀ lé èjìká, a gba àárín koríko kọjá, kò sì sí ẹni tó fi wá ṣẹ̀sín. Ní oṣù December ọdún 2010, ọ̀nì ti fa Hendri Coetzee kúrò nínú káyáàkì rẹ̀ lórí odò Lukuga ní ilẹ̀ Kóńgò, a kò sì rí i mọ́. Ọmọ South Africa ni, Uganda ni ó fi ṣe ilé. Òun ni ó ṣáájú àwọn tó wa ọkọ̀ láti orísun Náílì funfun dé òkun ní ọdún 2004. Gbogbo awakọ̀ Jinja ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó gbé ọkọ̀ lé èjìká níbẹ̀, àlejò ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè ìyá mi. Omi Bujagali ní ẹni tó ni ín. Budhagaali ni orúkọ rẹ̀, òrìṣà àwọn Basoga ni, ó sì ní ẹlẹ́gùn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ létí odò ni pé ẹni tí òrìṣà náà bá yàn yóò jókòó lórí aṣọ èèpo igi, yóò sì léfòó kọjá lórí omi líle yẹn láìrì. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé eré tí àwa àlejò rò pé a gbé dé ibẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tí ó sì jẹ́ ẹ̀rí oyè. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ dáàmù síbẹ̀, a ṣe ètùtù láti bá òrìṣà náà sọ̀rọ̀ kí ó lè ṣí nípò. Nabamba Budhagali, tí í ṣe ẹlẹ́gùn rẹ̀, tako ọ̀rọ̀ náà ní gbangba.

Wọ́n kọ́ ọ. Kí ọdún 2011 tó parí ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ògiri náà, ní October 2012 ni wọ́n sì ṣí dáàmù Bujagali, tó ń pèsè 250 mẹ́gáwáàtì. Bujagali lọ. Big Brother lọ, Silverback lọ, Total Gunga lọ. Àwọn àlejò awakọ̀ ni wọ́n sọ àwọn omi náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí, n kò sì fẹ́ràn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n jẹ́, ìgbì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀ tí ènìyàn fi ara mọ̀. Adágún tó dákẹ́ ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹyẹ ń wẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í sì ṣe àkọ́kọ́: dáàmù Owen Falls, tí wọ́n ṣí ní 1954, ti bo omi Ripon tí Speke rí ní 1862. Ní 1919 ọ̀rúndún mìíràn ni, ṣùgbọ́n ní 2019 tiwa yìí ni wọ́n tún ṣí dáàmù Isimba, ti 183 mẹ́gáwáàtì, nísàlẹ̀ odò, òun náà sì bo díẹ̀ lára àwọn ìgbì tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù.

N kò ní fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Mo gbé Kampala nígbà náà, mo sì mọ bí òkùnkùn ti rí. Lọ́dún 2011, a lè wà láìní iná fún wákàtí méjìlá. Aládùúgbò mi tó ń ránṣọ kò ní jẹnẹrétọ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí iná dé, inú tèmi náà dùn, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ẹni tó bá ní kí á dá odò sí nítorí eré àwọn awakọ̀ nìkan, n kò mọ ojú tí yóò fi wo aránṣọ yẹn. Ohun tó ń dùn mí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ ní 2022, mo bi olùkọ́ mi léèrè orúkọ tí àwọn bàbá rẹ̀ ń pe ibi tí àwa ń pè ní Silverback. Ó ronú títí. Ó ní bàbá àgbà òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun kò ní ìdí láti béèrè nígbà tí omi náà wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Odò Ọya. Àwa náà ní omi líle lórí rẹ̀, ní Bússà, ní ilẹ̀ Borgu. Níbẹ̀ ni Mungo Park kú sí ní 1806, òun àti ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa sì fi ń rántí ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ní 1968 ni omi dáàmù Kainji bo Bússà àtijọ́. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò, wọ́n sì kọ́ New Bussa. Àwọn apẹja ti ń wa ọkọ̀ láàárín àpáta wọ̀nyẹn kí Park tó dé, lẹ́yìn tí ó kú pẹ̀lú. Wọn kò lè máa wà á láìsọ pé "gba ẹ̀yìn èyí, yẹra fún tọ̀hún", a kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láìní orúkọ fún èyí àti tọ̀hún.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Bússà kí omi tó dé. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi, mo ya odò náà bí mo ti rí i nínú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, mo fi àmì sí ibi tí mo rò pé àpáta wà, mo sì ní kí ó jókòó ti bàbá, kí ó máa fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bàbá kọ́kọ́ sọ pé mo ya odò náà lódì, wọ́n sì gba kálàmù lọ́wọ́ òun.