Ọkọ̀ Àtijọ́ Kò Lẹ́nu, Wọ́n Ra Ẹnu Fún Un Ní Ládipọ̀

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kékeré ló ń ba ọjà ńlá jẹ́. Iná mọ́tò tí dẹ́rẹ́bà gbàgbé láti pa, ṣé ohun tó yẹ kó sọ èèyàn di onígbèsè nìyẹn? Àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ o!

Bàbá kan wà ní Ìkòròdú tó ń fi Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù kó ẹrù àwọn aláta láti ọjà Mile 12. Ẹni tó bá mọ 504 kò ní fojú kéré rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde nílẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Nàìjíríà. Akin ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti bàbá yìí kò lẹ́nu. Bó bá sọ̀kalẹ̀ láìpaná, ọkọ̀ náà kò ní sọ nǹkan kan.

Bó ṣe rí lóru ọjọ́ kan nìyẹn. Bàbá dé Mile 12 ní aago kan òru, ó gbàgbé iná, ó lọ nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì. Gílóòbù iwájú méjì, wáàtì 55 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá ro iná ẹ̀yìn mọ́ ọn, ó ń fa nǹkan bí áńpíà 10. Bátìrì tuntun tí wọ́n kọ 60 sí lára kò lè gbé e ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ kó tó gbẹ, ká má tiì sọ bátìrì tó ti gbó.

Nígbà tí wọ́n dẹrù tán ní aago márùn-ún, bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Kẹ́! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá aláta kan figbe ta: "Dẹ́rẹ́bà, ẹ má pa mí o! Owó àjọ ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí!" Kí wọ́n tó rí ẹni yá wọn ní bátìrì, oòrùn ti mú, tòmátì ìsàlẹ̀ ti ń ṣomi. Ọ̀pọ̀ ni ìyá náà tà á, owó àjọ kò pé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, àwọn méjì sì bá a lọ.

Ìyàwó bàbá ló la ọ̀nà. Ó ní: "Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ àwọn èèyàn máa ń ké bí wọ́n bá gbàgbé iná. Ẹ ò ṣe wá irú rẹ̀ sí tiyín?"

Bàbá bá forí lé Ládipọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n yọ agogo ìkìlọ̀ kan fún un lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́. Rìléè kékeré ni, bíi páálí ìṣáná, tó ń ké sììn bí iná bá kàn án. Kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Láti ọdún 1970 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ọkọ̀ tuntun máa kìlọ̀ fún awakọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láìyọ kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní kí ọlọ́jà fi kan bátìrì lójú òun kó tó sanwó. Owó rẹ̀ kò tó apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan.

Ọmọ ríwáyà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù ló fi í sí i. Ó so ìdí kan mọ́ wáyà iná kékeré, ó so ìkejì mọ́ wáyà bọ́tìnnì ilẹ̀kùn, èyí tó ń tan iná inú ọkọ̀. Wọ́n tan iná, wọ́n ṣílẹ̀kùn: sììn! Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Àṣé ayọ̀ kò tíì pé. Nígbà tí wọ́n paná tí wọ́n tilẹ̀kùn, agogo ṣì ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Ó kùn mọ́jú. Àwọn ará ilé kò sùn. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ bátìrì ló wá di olè tó ń jẹ ẹ́!

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ gé e dànù. Àgbà ríwáyà kan tó wà ládùúgbò ló dá a dúró: "Ẹ má gé e, Bàbá. Agogo kọ́ ló jẹ̀bi, ọ̀nà tí iná ń gbà ni."

Ó ṣàlàyé pé bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, iná bátìrì ń gba inú gílóòbù inú ọkọ̀ kọjá sínú agogo, á wá gba gílóòbù ẹ̀yìn bọ́ sára ọkọ̀. Ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Dáyóòdù ló fi dí i, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná kọjá lápá kan ṣoṣo, bíi fáàfù kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí kò jẹ́ kó jáde. Ó kọjú ìlà ara rẹ̀ sí ọ̀nà bọ́tìnnì ilẹ̀kùn. Ó tún fi fíúùsì áńpíà 3 sí ìdí wáyà tó ń gba iná wá, kí wáyà má baà gbóná dáná sun ọkọ̀. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ti kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì.

Láti ìgbà náà, agogo kì í ké àyàfi bí iná bá ń tàn tí ilẹ̀kùn sì ṣí. Bó bá ké, bàbá ń fò dìde. Ìgbà tó ń ké tọ̀sán-tòru, ariwo lásán ni. Ta ló ń dá ariwo lóhùn?

Ẹ̀yin ríwáyà, bí ẹ bá so ohun àlòkù mọ́ ọkọ̀, ẹ dán an wò pẹ̀lú iná títàn àti iná pípa, ilẹ̀kùn ṣíṣí àti ilẹ̀kùn títì, kí ẹ tó gbowó. Ẹ̀yin ìyálọ́jà náà, agogo kò dí yín lẹ́nu. Kí dẹ́rẹ́bà tó kúrò nídìí ọkọ̀, ẹ bi í: "Bàbá, ṣé ẹ ti paná?" Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.