Sí Àkànní, Lórí Ọkọ̀ Tówìn Tó Fẹ́ Fi Ránṣẹ́

OPIC Estate,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àkànní mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ láti Houston. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ilé ṣì ń jẹ ọ́ lógún. O ní o fẹ́ ra ọkọ̀ tówìn kan ránṣẹ́, kí àbúrò rẹ máa fi wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà wa yìí, kí ẹ jọ máa pín èrè. O wá bi mí bóyá iṣẹ́ máa wà.

Iṣẹ́ wà. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ọkọ̀ ti ń kú sórí rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013 tún ojú títì ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ̀ ayé àtijọ́ wa di tuntun. Bí èrò bá ń rọ́ lọ sí àgọ́ ìjọ Rìdíìmù ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí tírélà kan ṣoṣo bá dákú ní Ibafo, gbogbo wa la máa sùn sọ́nà. Lápá Ifọ̀ náà, ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò kì í jẹ́ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta sinmi. Ebi ò ní pa onítówìn níbí.

Ohun tí o kò bi mí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó lọ sọ́jà, tí ìyá elépo pe iye tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú lórí márosẹ̀ lálẹ́ kò ní ìsọ̀ kejì. Kò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ, ìyàwó àti ọmọ wà nínú rẹ̀, tírélà sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára. Iye tí onítówìn bá dá lé e ni yóò san. Níbi tí oníbàárà kò ti lè nájà, òfin ló yẹ kó bá a ná an. Ìdí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè kàn gbé dání láìgba láísẹ́ǹsì nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ará estate wa jẹ nínú ìyà yìí. Ọkọ̀ rẹ̀ kú, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Wọn ò dárúkọ owó títí wọ́n fi gbé ọkọ̀ náà dé ọgbà kan tó ní géètì. Ibẹ̀ ni owó wíwọ́ ti jáde, tí owó ààyè tún tẹ̀ lé e, lójoojúmọ́. Kò rí ìwé kankan gbà lọ́wọ́ wọn, kò sì mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ wọn sùn fún.

Ìwọ ń gbé níbi tí wọ́n ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Ní Texas, àjọ ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ TDLR ló ń mójú tó àwọn onítówìn. Ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹni tó ń wà á ní tirẹ̀, ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ ẹnìkan kúrò níbi tí kò yẹ kó páàkì sí, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà ti wà nílẹ̀. Bí olówó ọkọ̀ bá dé kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀, owó kékeré ni yóò san. Bó bá sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti béèrè pé kí adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Houston fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò SafeClear ní 2005: wọ́n pín òpópónà fún àwọn onítówìn, oníkálukú mọ ibi tirẹ̀, kò sí pé wọ́n ń sáré lu ara wọn nítorí ọkọ̀ kan.

Níhìn-ín, kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin 2007 tó gbé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ró fi kíkó ohun tó dí ọ̀nà kúrò sára iṣẹ́ wọn. Láti 2006 ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní TRACE, àjọ tirẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó. Bí o bá kọjá Berger, o ti wọ ilẹ̀ LASTMA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti Èkó. Nítorí náà, kí àbúrò rẹ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, kó gbé lẹ́tà lọ sí FRSC àti TRACE kí ọkọ̀ tó kúrò ní Amẹ́ríkà, kó sì gba èsì wọn ní àkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan kì í ṣe ìwé àṣẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀gá náà kúrò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá a lọ.

Láísẹ́ǹsì tí àbúrò rẹ fi ń wa Corolla kò tó. Kíláàsì B ni, kò sì kọjá ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3. Kó lọ gba èyí tó bá ọkọ̀ náà mu. Kó sì kọ́ iṣẹ́: bí o bá wọ́ ọkọ̀ onígíá aládàáṣiṣẹ́ pẹ̀lú táyà tó ń fà á nílẹ̀, o lè jó gíá rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Nítorí èyí, ra ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ aláìlera gùn ún pátápátá.

Iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ni mo ṣe jẹun, nítorí náà fetí sí mi dáadáa. Ínṣọ́ránsì third party tí òfin fi dandan mú wa kì í san owó ohun ẹlòmíràn tó wà ní ìkáwọ́ rẹ. Bí ọkọ̀ oníbàárà bá já bọ́ lẹ́yìn tówìn, ọrùn yín ló wà. Ẹ ra èyí tó bo ọkọ̀ tí ẹ gbé.

Má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọkọ̀ rẹ máa gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé kò sí òfin tó fún àwọn VIO, òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ibẹ̀, lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, gbà á, tàbí bu owó ìtanràn lé onímọ́tò. Ẹni tó bá pè yín ni kí ẹ lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kí ẹ gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Kí o tó san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ yìí, kọ iye tí ẹ máa gbà láti Mowe dé Ibafo, dé Berger, dé Ṣágámù, fi ránṣẹ́ sí mi. A máa kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti kọ ọ́ síbẹ̀, a jẹ́ pé iye náà ti pọ̀ jù.

Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ fún mi. Olúwa á máa ṣọ́ yín.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ.