Ẹni Tí Ó Dúró Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo bí a ti í ròyìn bọ́ọ̀lù. Bí eré bá ti parí, orúkọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ni yóò gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn, tí ó ń fi àyà àti orúnkún dènà kí àlejò má baà wọlé, kò sí ẹni tí í bèèrè rẹ̀ àfi ní ọjọ́ tí ó bá ṣe àṣìṣe. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbi tí a gbé tọ́ mi dàgbà, bí àwa ọmọdé bá ń pín ara wa sí ọ̀nà méjì, ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni a máa ń lé lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ni èmi wà títí di òní, kò sì dùn mí mọ́. Ẹni tí ó wà níwájú, àwọ̀n nìkan ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń wo gbogbo pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ó ń rí ẹni tí ó ti rẹ̀, òun ni ó ń rí àyè tí ó ṣí sílẹ̀, òun ni ó sì ń kígbe títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn Stephen Keshi.

Àwọn oníròyìn wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ dáradára kan fún iṣẹ́ tí Keshi ṣe kẹ́yìn: akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwa tí a ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Gbígbá nìkan ni ó mẹ́nu bà. Ìbá ṣe pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, bóyá akọ́nimọ̀ọ́wò ni à bá máa pè é.

Ní 1962 ni a bí Keshi ní Azare ní ilẹ̀ Bauchi, ṣùgbọ́n ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni. Èkó ni ó ti kàwé, ní St. Finbarr's ní Akoka, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún New Nigeria Bank ní Benin. Ní 1985 àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù dá òun àti àwọn díẹ̀ mìíràn dúró nítorí pé wọn kò tètè dé ibùdó. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa bẹ̀bẹ̀. Keshi di ẹrù rẹ̀ ó gba Abidjan lọ, láti ibẹ̀ ó dé ilẹ̀ Belgium, níbi tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Lokeren àti Anderlecht. Ọ̀nà tí ó là yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Cameroon ni ó kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ní 1984 wọ́n lù wá ní 3 sí 1 ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1988 wọ́n tún lù wá ní 1 sí 0. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Keshi fi dúró kí ó tó di balógun tí ó gbé ife náà sókè ní Tunis, ní 1994, lẹ́yìn tí a ti fi 2 sí 1 borí Zambia. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikọ̀ náà dé Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà, orí ìjókòó ni Clemens Westerhof, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ará Holland, fi balógun rẹ̀ sí. Ìgbà kan ṣoṣo ni Keshi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nígbà tí a pàdé ilẹ̀ Greece ní 30 oṣù kẹfà. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Ní 2004 ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Togo. Ẹ mọ̀ pé a ní ìbátan níbẹ̀, àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní Atakpamé. Emmanuel Adebayor gan-an, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù 11 sínú àwọ̀n nínú ìdíje náà, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Togo kò dé Ife Àgbáyé rí, Senegal sì wà ní ọ̀nà wọn. Ní oṣù kẹwàá 2005 wọ́n fi 3 sí 2 borí Congo ní Brazzaville, ó di ṣíṣe. Kí ni èrè Keshi? Togo pàdánù gbogbo eré mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní Egypt ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, òun àti Adebayor kò sì gbọ́ ara wọn yé mọ́. Ni wọ́n bá lé e, wọ́n mú Otto Pfister wá láti Jámánì. Pfister kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé, wọ́n pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ́ọ̀lù kan péré ni wọ́n gbá wọlé. Keshi ni ó dáko náà, ẹlòmíràn ni ó lọ wa iṣu. Kí a má ṣe rò pé Togo nìkan ni: Shuaibu Amodu mú Nàìjíríà yege fún Ife Àgbáyé 2002 àti ti 2010, ìgbà méjèèjì ni a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ikọ̀ tó gbéra.

Keshi lọ sí Mali. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ojú kì í sábà rí: ní Angola ní 2010, àwọn onílé ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé, Mali kò ní ọ̀kan, ó kù bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, wọ́n sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Ní 2011 a fún un ní Super Eagles. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí ó kó wọn lọ sí South Africa ní 2013, mo sì rántí pé gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ni ó ń pe orúkọ Sunday Mba, ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níhìn-ín, tí ó gbá èyí tí a fi borí Burkina Faso ní 1 sí 0 ní 10 oṣù kejì. Ní báyìí tí mo tún eré náà wò, ẹ̀yìn ni mo ń wò. Joseph Yobo ni balógun. Keshi fi í sórí ìjókòó, ó fi Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars ní Àkúrẹ́ àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, sí àárín ẹ̀yìn. Ohun tí Westerhof ṣe fún un ni ó ṣe fún Yobo! Àwọn kan pè é ní ìkà. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó ti jókòó síbẹ̀ rí mọ bí ibẹ̀ ti gbóná tó, kò sì jẹ́ kí ìyọ́nú dí òun lójú. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí ó rán Yobo wọlé, kí balógun baà lè gbé ife náà pẹ̀lú òógùn lára.

Lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Egypt, kò sí ẹlòmíràn tí ó ti gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú Keshi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì gan-an ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé a ti fẹ́ lé e kí ìdíje tó parí. Wọ́n rọ̀ ọ́ kí ó tó padà. Ní Brazil ní 2014 ó di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Ife Àgbáyé. France fi 2 sí 0 dá wa dúró ní 30 oṣù kẹfà, ogún ọdún gééré sí ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pàdé Greece. Èkejì nínú bọ́ọ̀lù méjèèjì, ẹsẹ̀ Yobo ni ó gbà wọlé wa.

Ní 2015 wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà aya rẹ̀ Kate kú, òun náà sì kú ní Benin ní 7 oṣù kẹfà 2016. Amodu tẹ̀lé e kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Pápá ńlá Asaba ń jẹ́ orúkọ Keshi.

Ní 2025 Remo Stars tiwa gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ Daniel Ogunmodede. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni a fi Super Eagles lé Éric Chelle lọ́wọ́, ẹni tí ó ti kọ́ ikọ̀ Mali, a sì fi Ogunmodede kún àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá onígbàjámọ̀ kan ní Ṣágámù bi mí pé kí ló dé tí a kò fi ti àgbà fún ọmọ Rẹ́mọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yìn ni Chelle náà ti gbá bọ́ọ̀lù.” Ó ní, “Ìwọ ńkọ́?” Mo ní ẹ̀yìn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n tẹ orí mi sílẹ̀ dáadáa, kí abẹ má baà gé mi létí.