Kábíyèsí, Ẹ Má Búra

Ẹ̀bá ọjà Tẹ́júoṣó ní Yàbá, ọ̀sán Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀gbọ́n ń gbọn omi kúrò lórí ọ̀rá tó fi bo ìwé. Ìwé àlòkù ló ti ń tà níbẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó dé. Ó jókòó sórí àpótí, ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ láàárín àwọn ìwé ìṣirò.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń ta The Gods Are Not to Blame!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí mi ò ní tà á? Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé yẹn ló ń bá mi san owó ilé. Ọlá Rótìmí àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe eré náà ní Orí Olókun ní Ifẹ̀ ní 1968, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1971, àwọn ọmọ ò sì yéé wá a. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ọmọ mẹ́rin ló ti lò ó. Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí orúkọ wọn.

ÀBÚRÒ: Èmi wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù o. Ní 2005, ní tíátà Arcola ní Hackney. Femi Elufowoju àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tiata Fahodzi, ló gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n, ó dùn! Gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ jókòó jẹ́ẹ́? Nígbà tí ọba ń búra?

ÀBÚRÒ: Jẹ́ẹ́ náà ni. Ìyá Yorùbá kan tó wà níwájú mi ṣe “hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n”, òyìnbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó, ló bá gbẹ́nu dákẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Owó yín wọgbó nìyẹn. Jẹ́ n sọ ibi tí èmi ti kọ́kọ́ wò ó fún ẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mushin ni, nínú pápá, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n ta ṣe ìkélé. Ọmọ tó ṣe Ọdẹ́wálé, ọba inú eré náà, ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, páálí tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ló fi ṣe adé. Ó dìde tó fẹ́ búra. Ìyá kan tó ń ta fiṣirọ́ọ̀lù lẹ́yìn wa figbe ta, igbá ṣì wà lórí rẹ̀: “Kábíyèsí, ẹ má búra o! Ẹ jọ̀ọ́!” Gbogbo pápá gbè é. Ọmọ yẹn dákẹ́ lọ gbári. Mo ní ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ó yíjú sí ìyá yẹn, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì búra náà pátá. Ìyá sọ igbá kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò ta fiṣirọ́ọ̀lù kankan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

ÀBÚRÒ: Ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Gẹ̀ẹ́sì wo? Ibẹ̀ gan-an ni Rótìmí ti gbọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Asọ̀tàn ń sọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlù ń dún, àwọn òṣèré sì ń ṣe é láìlanu: wọ́n gbé ọmọ tuntun wá, Bàbá Fákúnlé afọ́jú dífá, ẹ̀rù ba ìyá ọmọ, wọ́n fi okùn owó ẹyọ so ọmọ náà lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e fún Gbọ́nkáà, ìránṣẹ́ ọba, kó lọ pa á nígbó. Ìyá oní-fiṣirọ́ọ̀lù ti fojú rí gbogbo ìyẹn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà máa pa bàbá rẹ̀, á sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ọba nìkan, tó jẹ́ ọmọ náà gan-an, ni kò mọ̀. Àwọn olùkọ́ ní “dramatic irony” ló ń jẹ́, àwọn ọmọ á há a sórí bí orúkọ oògùn. Èmi a máa sọ fún wọn pé: ìwọ mọ̀, ẹni tó wà lórí ìtàgé ò mọ̀, o sì ń wò ó tó ń rìn lọ síbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Sophocles, ará Gíríìsì, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú Rótìmí o. Eré Oedipus rẹ̀ tí Rótìmí yí sí ti Yorùbá yẹn ti lé ní 2,400 ọdún.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ti Sophocles ti gbọ́ ìtàn náà láti ilé, kò nílò kó sọ ọ́ fún wọn. Rótìmí ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀, ló fi kó gbogbo rẹ̀ síwájú. Ó wá tú ẹjọ́ ká. Àìsàn ń pa ìlú Kutuje, ọba jáde, ó ní àìsàn wà nílé òun náà, ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa se ewé àti egbò pọ̀. O ò rí i bí ọwọ́ ọba yẹn ṣe rí? Ọwọ́ tó ń se àgbo fún ìlú ló kó àrùn wá.

ÀBÚRÒ: Èmi, ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló mú mi. Ifá ní ẹni tó pa ọba àná wà nílùú. Ọba búra pé òun á mú un, òun á fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú ayé, òun á fọ́ ojú rẹ̀, òun á lé e jáde. Afọ́jú dé, òun ló ríran. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ọba ń halẹ̀, ó bá jù ú ní ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ọba ò gbọ́ ọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì dákẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Ọba wá ń fura sí Adérópò, ọmọ ọba àná. Ó tún lọ búra níwájú Ògún pé kí ojú òun má rí Adérópò mọ́ títí òun ó fi kú. Nígbà tí ojú náà fi máa fọ́, ta ló wà níbẹ̀? Adérópò. Ìbúra méjèèjì ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, sí orí ẹni kan ṣoṣo. Mo ti kúrò ní tíátà, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, kó tó yé mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà mọ eré wò díẹ̀.

ÀBÚRÒ: Àmọ́ àkọlé ìwé yẹn, irọ́ ni. Báwo ni òrìṣà ò ṣe ní jẹ̀bi? Ọmọ tuntun ṣì ni, wọ́n ti dájọ́ fún un.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni Ifá sọ fún un nígbà tó dàgbà?

ÀBÚRÒ: Pé á pa bàbá rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: O fo ibì kan. Ó bi babaláwo léèrè pé kí ni kí òun ṣe. Babaláwo ní kó má ṣe nǹkan kan. Pé kó má sá. Kó jókòó síbi tó wà. Ọdẹ́wálé lérò pé Ògúndélé ọdẹ tó tọ́ ọ ló bí i, ló bá kó ẹrù rẹ̀, ó sì sá tọ bàbá tó bí i lọ. Kò sí ìmọ̀ràn yẹn nínú ti Gíríìsì. Rótìmí ló fi í síbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Hẹ̀n. Mo ti gbàgbé ìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Wo ìjà òun àti bàbá yẹn wàyí. Ní ti Oedipus, ta ni kó yà fún ta ni lójú ọ̀nà ni wọ́n bá jà. Níbí, ilẹ̀ oko ni, iṣu ni. Ọlọ́jọ́ orí yẹn ń kó iṣu lórí ilẹ̀ tí Ọdẹ́wálé fi owó rẹ̀ rà. Títí dé ibẹ̀, ẹjọ́ ni, kì í ṣe ikú. Ó wá bú ìlú rẹ̀, ó fi bó ṣe ń fọhùn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni. Orí ìyẹn ni wọ́n ti dé ìdí ọfọ̀, orí ìyẹn ni ọkọ́ ti di ohun ìjà. Rántí ọdún tí wọ́n ṣe eré yẹn, 1968. Ogun abẹ́lé ń jà, ará ìlú kan náà ń pa ara wọn torí ibi tí èèyàn ti wá. Tá a bá gbá òrìṣà mú nínú ìyẹn, ojo ni wá.

ÀBÚRÒ: Ẹ wí ire. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn èyí. Wọ́n ní kí Gbọ́nkáà lọ pa ọmọ. Kò pa á. Àánú ṣe é. Ká ní ó ti pa á, ọba àná ì bá má kú, Ojúọlá ìyá rẹ̀ ì bá má fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀, ìlú ì bá má ṣàìsàn. Ẹni tó ṣàánú, ṣé òun náà ló jẹ̀bi?

(Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn. Ó ń to ìwé bàọ́lọ́jì tó ti tò tẹ́lẹ̀.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ọdún wo ni mo ti ń tà á, mi ò rí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àlàká náà ńkọ́? Ó kàn wá kí Ọdẹ́wálé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó dé bí aláwàdà, àwọn ará ìlú ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Ògúndélé ti kú wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ọkàn ọba balẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa tó fi sọ pé Ògúndélé kọ́ ló bí i. Ní Mushin lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ kan ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá oní-fiṣirọ́ọ̀lù ti kawọ́ lérí.

(Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.)

ỌMỌBÌNRIN: Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni The Gods Are Not to Blame?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbà á lọ́wọ́ mà yẹn. Èyí tó mọ́ jù nìyẹn.

ỌMỌBÌNRIN: Ẹ ti kà á? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe parí?

(Ẹ̀gbọ́n gba ìwé náà, ó fi àtàńpàkò ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó nà án padà sí i.)