Àpótí Aṣọ Aya Wa

Ní Ògùdù, lẹ́bàá ọ̀sà, ni àwa tí ń kọ èyí ti àpótí aṣọ aya wa pa fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá ṣí i, ìfẹ́ wa yóò bá a lọ.

Nígbà náà ni a rántí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òun àti Asano, tí a gbà là lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ṣe ìgbéyàwó ní 1829. Ikú pín wọn níyà ní 1880. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ títí ó fi sùn ní 1891.

A ṣí àpótí náà, a sunkún, a sì fi àwọn aṣọ náà fún opó kan. Ẹ̀yin ará, jíjọ̀wọ́ olùfẹ́ fún Ọlọ́run kì í ṣe gbígbàgbé rẹ̀.