Owó Ọbẹ̀ ní Oṣù Ọ̀wàrà

Ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lónìí kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ó ti da àlàáfíà ilé púpọ̀ rú. Àwa tí ń gba owó oṣù mọ̀ pé iye kan náà ni a ń gbà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé oṣù Ọ̀pẹ. Nítorí náà iye kan náà ni ọ̀pọ̀ baálé ń kà lé ìyàwó wọn lọ́wọ́. Bí ọbẹ̀ bá sì ṣàn, wọn a ní obìnrin náà kò mọ owó ṣọ́. Ṣùgbọ́n òjò àti ọ̀dá ni ọ̀gá ọjà.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá a máa pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kí ó tó tó í fà. Àgbẹ̀ gbogbo a sì kó tiwọn dé ọjà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ kí ó tó rọ, nítorí náà owó rẹ̀ a wálẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ó ku àwọn tí ó ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, tí ń pọn omi wọ́n ẹ̀fọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Làálàá omi náà wà nínú owó ìdì ẹ̀fọ́.

Tòmátì kò rìn ní ọ̀nà yìí. Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá, láti oko tí a ń bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ó ń dínwó ní bí oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí ẹ̀fọ́ wọ́n, a sì tún máa wọ́n láti oṣù Èbìbí.

Àwọn ohun mìíràn sì wà. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí a ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ púpọ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, ọjà sì gbóná. Ọ̀nà Kánò sí Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Owó epo tí ó ga láti ọdún 2023 sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé tiwa, ìyàwó wa ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ owó ọjà sí. Láti inú rẹ̀ ni a ti mọ oṣù tí ó yẹ kí a fi kún owó ọbẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ní oṣù Ọ̀wàrà, a ń pa á mọ́ de oṣù Èbìbí àti Òkúdù. Ilá tí ó pọ̀, a ń rẹ́ ẹ, a sì ń sá a di ọ̀rúnlá fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà náà, ìwé ni a ń bi léèrè, a kò bi ara wa ní ìbínú mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Nígbà tí ẹ̀fọ́ bá pọ̀, ẹ má ṣe ná ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ títí owó rẹ̀ yóò fi wọlẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè èènì lórí èènì. Bí kò bá rí èrè jẹ ní oṣù Ọ̀wàrà, kí ni yóò fi ra irúgbìn tí a óò jẹ ní oṣù Èrèlé?